Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé àjọṣe àwọn ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ mélòó kan la jọ pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi mímu, èmi ni wọ́n sì ní kí n yẹ àjọṣe náà wò. Mo ti ka àwọn tó ń wá sípàdé, àmọ́ ẹlòmíì kàn ń wá jókòó ni. Mo pín ìwé ìbéèrè, gbogbo wọn kọ "ó dára" (ta ló máa bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ kejì nígbà tí orúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé?). Mo tún ronú àtiwo àwọn ìpinnu tó di ṣíṣe, àmọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè ti dá a ṣe.

Kí ni kí n máa wò tó máa fi hàn pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí gan-an ló mú àṣeyọrí wá? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.