Ọmọ mi kì í jẹun, ìyá ọkọ mi sì ní mi ò mọ ọmọ tọ́

Ìyá Tẹ̀mi, Adó-Èkìtì
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, ó ti sú mi ni. Ọmọ mi ọkùnrin kì í jẹun. Mo gún iyán, ó tu ú sílẹ̀. Mo po ògì, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, á kó o sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, tó bá yá á tú gbogbo rẹ̀ sí mi láṣọ. Òkìrìkà ni mò ń tà ní Ọjà Bísì. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń dáná nítorí ọmọ yìí, bí mo bá sì ṣe gbé oúnjẹ náà lọ ni mo ṣe ń gbé e bọ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìyá ọkọ mi. Wọ́n wá láti Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi gbé ọmọ, wọ́n yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ọmọ yìí funfun báyìí?" Lójú gbogbo ará ilé! Wọ́n ní ọmọ mẹ́fà làwọn tọ́, kò sí èyí tó kọ iyán nínú wọn. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, kò fọhùn. Ọmọ ìyàwó àbúrò rẹ̀ fi oṣù mẹ́ta ju tèmi lọ, ẹ̀bà ló ń jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹ gbà mí.

Màmá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin mi. Ojú mi náà ti rí i. Táíwò mi kò mọ ohun tí ń jẹ́ mi ò jẹ, Kẹ́hìndé sì rèé, àfi àkàrà àti ẹyin, fún odidi ọdún kan. Bí mo bá fi ẹ̀fọ́ sí i, á fi ìka ṣa gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìgbà tí mo jáwọ́ nínú bíbẹ̀ ẹ́, tí mo ń gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín tiwa tí n kò sì wo ojú rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí mo gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀ kó tó gbà á. Ti ìyá ọkọ, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyá Àgbà, Ọ̀yẹ́
Ẹ̀yin ìyá ìsinsìnyí, ẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu yín. Tẹ́ ẹ sórí itan, rọ ọ́! Wọ́n rọ wá, àwa náà rọ ọmọ wa, gbogbo wọn ti di bàbá àti ìyá.

Bàbá Ire
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ ni ògì ti gba ọ̀nà èémí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la fi sùn nílé ìwòsàn.

Ìyá Àgbà, Ọ̀yẹ́
Ẹni tó rọ ọ́ ni kò mọ̀ ọ́n rọ. Ìwọ ọkùnrin, ọmọ mélòó lo ti bọ́?

Bàbá Ire
Mẹ́ta, mà. Nígbà tí ìyàwó mi ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́, èmi ni mò ń bọ́ wọn.

Ìyá Tẹ̀mi
Ẹ má jà nítorí mi. Mo ti rọ ọ́ rí, ẹ̀ẹ̀mejì péré, mo dí i nímú kó lè ya ẹnu. Láti ìgbà náà ló ti ń sunkún bó bá ti rí ṣíbí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn ọjà ju ọmọ mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjerò
Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ níbí, ọmọ mi. Ọmọ oṣù mélòó ni? Kílò mélòó ni? Kí ló ń mu láti àárọ̀ dalẹ́? O kò sọ èyíkéyìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní kílò 3 lè tó 9 bó bá fi máa pé ọdún kan, ṣùgbọ́n lọ́dún kejì, kílò 2 sí 3 péré ló máa fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ebi rẹ̀ fi máa ń dín kù, tí ọ̀pọ̀ ìyá sì ń rò pé àìsàn ni. Ṣùgbọ́n èmi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ rí, láìmọ ìwọ̀n rẹ̀.

Màmá Ìbejì
Ṣé o ti fún un lóògùn aràn? Aràn máa ń pa ebi.

Ìyá Tẹ̀mi
Oṣù 22 ni, mà. Ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì, lóṣù 15, ni wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. N kò rí káàdì náà mọ́. Mílíìkì oníyẹ̀fun ló ń mu, fídà márùn-ún lójúmọ́, nígbà mìíràn mẹ́fà, títí kan òru. Òun nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ mi láìsunkún. Ṣé kí n fi ebi pa á ni? Mílíìkì kò kúkú burú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjerò
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Fídà ńlá ń gba mílílítà 240; márùn-ún rẹ̀ ti kọjá lítà kan. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan kò yẹ kó kọjá nǹkan bíi mílílítà 500 lójúmọ́. Ikùn rẹ̀ ti kún kí iyán rẹ tó dé. Mílíìkì màlúù kò sì ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tó, ó tún ń dí irin inú oúnjẹ mìíràn lọ́wọ́ láti wọ ara. Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn: ṣé ó ń jẹ yẹ̀pẹ̀?

Ìyá Àgbà, Ọ̀yẹ́
Kò sí ọmọ tí kì í jẹ yẹ̀pẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjerò
Ìyá Tẹ̀mi, ìwọ ni mo bi.

Ìyá Tẹ̀mi
N kò fẹ́ sọ ọ́ ni. Ó ń ha ògiri ẹ̀yìnkùlé jẹ. Tí mo bá gbé e lọ sí ìsọ̀, yẹ̀pẹ̀ abẹ́ tábìlì ló ń bù. Mo ti nà án títí, kò jáwọ́. Mo rò pé ìwà ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjerò
Má nà án mọ́. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré lè máa wá yẹ̀pẹ̀ kiri, yẹ̀pẹ̀ náà sì lè kó aràn sí i nínú. Tan iná, fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí o wo inú rẹ̀, kí o sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni màmá Ìkọ̀lé kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìyá Tẹ̀mi
Ó ń sùn, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi wò ó. Tèmi pupa. Tirẹ̀ kò pupa rárá, mà, ó dà bí inú àgbọn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Mo wá rò pé èébú ni wọ́n ń bú mi.

Bàbá Ire
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má dúró di ọjọ́ ọjà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìjerò
Gbé e lọ ní àárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV ni wọ́n ń pè é. Má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ, ó léwu fọ́mọdé bó bá pọ̀ jù. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tí kò lókun, má dúró dàárọ̀. Mílíìkì, fi kọ́ọ̀bù fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí o sì gbé fídà òru kúrò. Ẹ̀dọ̀ màlúù tí o lọ̀ kúnná, ẹja, ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀, kí ọsàn tẹ̀lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni, sórí abọ́ tirẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú.

Ìyá Tẹ̀mi
Ó ń mí dáadáa, mà. N kò ní ṣí ìsọ̀ lọ́la. Mo ti pe màmá ní Ìkọ̀lé, mo sọ fún wọn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ló gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ àkọ́kọ́.