Kí ló gbé yín dé ìdí fọ́tò onífíìmù? Tèmi, iná ló lọ

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o. Kámẹ́rà àbúrò bàbá mi ti wà nílé wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, nínú báàgì aláwọ, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan mo ra fíìmù olójú 36, èyí tó ń gba àwòrán 36, mo fi í sínú rẹ̀, ó di ọjà Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí. Kí n tó dé ìsọ̀ àwọn aláta, mo ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà méjìlá. Mo ya mọ́ṣáláṣí àtijọ́ nì, èyí tí àwọn tó ti Bràsíìlì dé kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ya ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, ó mọ́ gaara láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwòrán ẹyọ kan kò sí ńbẹ̀. Kámẹ́rà padà sínú báàgì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fà mí lọ síbi tí àwọn onífọ́tò ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ mi ò yá, mo rò pé Faransé gbọọrọ ni wọ́n máa sọ. Ẹni àkọ́kọ́ kúkú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó mẹ́nu ba Leonce Raphael Agbodjelou, ọmọ ìlú wa níbí, àti bàbá rẹ̀, Joseph Moïse, tóun náà jẹ́ onífọ́tò. Ó fi ọ̀wọ́ fọ́tò tí wọ́n pè ní Demoiselles de Porto-Novo, ti ọdún 2012, hàn wá lára ògiri: àwọn ọmọge tó fi ìbòjú bojú, nínú ilé àtijọ́ ìdílé Agbodjelou. Irú ilé tí à ń gbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tá ò sì bojú wò!

Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Ògiri ṣókùnkùn, kálukú ń fi ìwé fẹ́ ara. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rí, dìde, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ó fa àpòòwé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín nẹ́gẹ́tíìfù fún wa, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, tí dúdú ti di funfun, tí funfun ti di dúdú, ó ní ká di etí rẹ̀ mú, ká má fọwọ́ kan àárín, ká nà án sí ìmọ́lẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́: eyín rẹ̀ dúdú, irun rẹ̀ funfun bíi ti arúgbó, ó di apá àga mú pinpin.

Bàbá wò ó lẹ́yìn mi. "Wo ọwọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà á. Fíìmù mi ò sì ju ojú méjìlá lọ, mi ò lè máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Mo bá a sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ títí èjìká rẹ̀ fi rọ̀. Ọwọ́ nìkan ni ò gbọ́."

Nígbà tí wọ́n túká, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, mo ro ẹjọ́ fíìmù mi. Wọn ò jẹ́ kí n rò ó tán. "Bí o ṣe ń fà á síwájú, ṣé bọ́tìnì tí a fi ń ká a padà, lápá òsì, ń yí?" Mo ní mi ò wò ó. "Fíìmù ò kọ́ mọ́ inú rẹ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ lò ń yà, ọmọ mi."

Gbogbo Wàǹdó, àti ata àti tòmátì, afẹ́fẹ́.

Kẹ́hìndé Kétu

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ ìyá mi: ọmọdé méjì, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Wọ́n ní èmi àti Táyé ni. Èmi ò mọ Táyé, ó ti lọ tipẹ́. Mo wá lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ onífọ́tò kan nípa fọ́tò àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ó ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, á di méjì. Àwọn ilé mìíràn ń lò ó dípò ère ìbejì. Mo délé, mo sọ fọ́tò náà kalẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àpá orúnkún mi wà lórúnkún àwọn méjèèjì.

Mi ò tíì bi ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo ti ra kámẹ́rà.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Kẹ́hìndé, ara mi bù máṣọ. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná ni. Ìwé tó wà lára ike oògùn tí mo fi ń fọ fíìmù ní kó wà ní 20°C. Lóṣù kẹta, ní Ṣábẹ̀ẹ́? Omi àmù gan-an ò tutù tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù mi ń dúdú jù. Ẹnu obìnrin kan tó wá sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò ni mo ti gbọ́ pé kí n gbé ike oògùn sínú bàsíà omi yìnyín. Kí n má ju yìnyín sínú oògùn fúnra rẹ̀ o, á fomi là á. (Mo ti ṣe é rí.) Ìyá tó ń ta omi dídì níwájú ilé wa rò pé mo fẹ́ bá òun du ọjà.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi màmá, ẹ má gbé kámẹ́rà dání.

Kẹ́hìndé Kétu

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ fíìmù ti wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnì sì ń yí.