Kí ni mo rí létí kánáàlì láàárọ̀ yìí? Inú mi dùn bí ọmọdé

Ọmọ Akọ́kà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń lọ wọ dánfó ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń fò kiri kí n má tẹ ẹrẹ̀, ni mo bá rí nǹkan gbọọrọ kan lórí sìmẹ́ǹtì etí kánáàlì, mo rò pé táyà tó ti gé ni. Àfi bó ṣe gbórí sókè! Ó dúdú, àmì yẹ́lò wínníwínní kún ara ẹ̀, ahọ́n tó là sí méjì ń jáde ń wọlé. Kò sá, èmi náà ò sá, a kàn ń wo ara wa. Ìgbà tó yá ló rọra yọ́ wọ omi bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lé, ó ń fi ìrù wa ara ẹ̀ lọ láàárín náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà. Dánfó méjì kọjá, mi ò wọ̀ ọ́. Ọ̀gá mi bínú, ẹ̀rín ni mo ń rín. Àbúrò mi ní ọmọ ọ̀nì ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Màkókò: Àwọ́nrínwọ́n nìyẹn jàre. Ọ̀nì ò lè yọ ahọ́n síta, ahọ́n ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu ni. Kò ní lé ẹ, àmọ́ má há a mọ́ igun, ó máa ń gé èèyàn jẹ, ó sì lè fi ìrù nà ẹ́ bíi pàṣán. Òmíì máa ń gùn tó mítà 2. Akàn, ìgbín, àkèré, ẹyin adìẹ, kò sí èyí tí kì í jẹ. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tí òjò bá ti mú òkìtì ikán rọ̀, abo ẹ̀ á gbẹ́ ẹ wọlé, á yé ẹyin síbẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ, ikán fúnra wọn á wá dí ihò náà padà. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ọ̀fẹ́!

Alátarodo: Ẹ wá fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó lọ? Háà.

Ọmọ Akọ́kà: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò yín kalẹ̀ 😂

Ìyá Ìbejì: Mo ti lọ wo ọ̀bọ ní Lekki Conservation Centre, ó dáa, ṣùgbọ́n mo sanwó, mo mọ̀ pé màá rí ọ̀bọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù, inú gosíló orí Third Mainland Bridge ni. Ẹyẹ dúdú òun funfun kan dúró sójú kan lófuurufú, ìyẹ́ ẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀sà, ló bá já lulẹ̀ bí òkúta, gbì! Ó gbé ẹja jáde, ó bà lé òpó, ó ń la ẹja náà mọ́ igi kó tó gbé e mì. Kọ̀ńdọ́ ò pe owó mọ́, gbogbo wa ń wò. Ọmọ mi kan na èékánná sí i, ó rò pé lékeléke ni, mo ní èyí ò fún èèyàn ní èékánná o, ẹja ló ń wá.

Ọmọ Akọ́kà: Ẹ ṣé gan-an. Mo yà níbẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mi ò bá a. Ìlà ìrù ẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀, ojú ẹsẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, èékánná ẹ̀ hàn kedere. Mo ya fọ́tò, mo fi han àbúrò mi. Ó ní ọmọ ọ̀nì ni.