Ìfọkànbalẹ̀ kọ́ ni mindfulness

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àjọṣe o. Lánàá, Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè ohun tí a lè pe mindfulness (kéèyàn máa kíyè sí èémí rẹ̀ àti ohun tó ń lọ lọ́wọ́) lédè Yorùbá nínú ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn àgbàlagbà tí másùnmáwo ń bá fínra. (Másùnmáwo fún stress, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i, ó ti wọlé.) Ẹnì kan dáhùn pé "ìfọkànbalẹ̀", ẹlòmíràn ní "àṣàrò". Mo fẹ́ jiyàn díẹ̀.

Àṣàrò kọ́kọ́. Inú Jóṣúà 1:8 ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n: kéèyàn máa ṣàṣàrò nínú ìwé òfin tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń ṣàṣàrò di ọ̀rọ̀ kan mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Mindfulness ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí èrò bá dé, wò ó, jẹ́ kó kọjá lọ, kí o padà sídìí èémí rẹ. Bí a bá ní kí ìyá tí àyà rẹ̀ ń já ṣàṣàrò, ohun tó ń já a láyà gan-an ni yóò jókòó tì.

Ìfọkànbalẹ̀ ńkọ́? Àbájáde nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ há dáńfó wa mọ́ orí Third Mainland Bridge. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo ọkọ̀ ń pariwo, "Fọkàn balẹ̀! Fọkàn balẹ̀!" Ariwo yẹn tún dá kún un ni. Màmá tó jókòó tì í ló ní, "Ọmọ mi, gbọ́wọ́ lé ikùn ẹ. Ṣé o rí bó ṣe ń ròkè, tó tún ń wálẹ̀?" Díẹ̀díẹ̀ lara rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí màmá yẹn ní kó ṣe là ń wá orúkọ fún.

Sati ni ọ̀rọ̀ tí mindfulness ti wá, lédè Pálì, èdè ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. T. W. Rhys Davids, ọ̀mọ̀wé èdè Pálì, ló túmọ̀ rẹ̀ sí mindfulness ní 1881, kó tó di pé Jon Kabat-Zinn, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, mú un wọ ilé ìwòsàn ní Yunifásítì Massachusetts ní 1979. Ìrántí sì ni ìpìlẹ̀ sati. Àwa náà ní iyè. Ìsọyè ni wọ́n ń lò fún ọmọ tó ń gbàgbé ẹ̀kọ́. Iyè kan náà la fi ń fiyè sí nǹkan. Ìrántí àti àkíyèsí wà nínú rẹ̀ pọ̀, bíi ti sati gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, "ìfiyèsí" ni tèmi. "Ìfiyèdénú" dùn létí ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, iyè tó wọnú lọ! Àmọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ la máa ń sọ ọ́ fún, nígbà tí a ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan á ní ìfiyèsí ti gbòòrò jù, pé àwọn olùkọ́ pàápàá ń lò ó ní kíláàsì. Ẹ fi èémí tì í: ìfiyèsí èémí. Lára èèpo ìwé pélébé náà nìkan ni kí orúkọ yẹn sì wà. Nínú rẹ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, bí màmá inú dáńfó ṣe sọ ọ́. Àgbàlagbà ṣáà ni wọ́n, kí ó jẹ́ "Ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn yín."