Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Terzan 5: eruku ò jẹ́ kí n rí ìràwọ̀ dáadáa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹgbẹ́ mi. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Terzan 5, tó wà nítòsí àárín gbùngbùn galaxy wa, ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ìran ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀: àwọn kan ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 ọdún, àwọn kan ò ju bíi bílíọ̀nù 4.5 lọ. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an!

Mo gba dátà VVV, ìwádìí kan tó ya àwòrán àárín galaxy wa, tí awò awọ̀nàjínjìn VISTA fi infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí, tó ń la eruku kọjá dáadáa) yà ní Chile. Mo to àwọn ìràwọ̀ náà sórí àwòrán ní ìlànà àwọ̀ àti bí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀wọ́ àwọn òmìrán pupa (ìràwọ̀ àgbà tó ti wú), tó yẹ kó tín-ín-rín bí okùn, wá fẹ̀ bí ẹní. Eruku tó dí wa lójú ò nípọn bákan náà: ó ń sọ ìràwọ̀ igun kan di pupa ju ti igun kejì lọ. Àwọn ìràwọ̀ àlejò, tí kì í ṣe ti ìṣùpọ̀ yìí, tún dà pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló yẹ kó ṣáájú: kí n ṣàtúnṣe ti eruku, àbí kí n yọ àwọn àlejò kúrò? Ìràwọ̀ mélòó nítòsí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ fi ń díwọ̀n eruku? Olùkọ́ mi ní kí n mú 47 Tucanae, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn níbi tí eruku ò ti pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò lára Terzan 5. Oṣù mẹ́rin péré ló kù mí.