Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé wo lẹ ò lè gbàgbé?

Ọmọ Òròkí
Ará Òṣogbo, ẹ kú ilé o. Lánàá, èmi àti ìyàwó mi lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní Ọjà Ọba, ni mo bá rí ìyá àgbà kan nídìí ẹ̀gúsí. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa àtijọ́ ni! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọjà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo máa ń tọ́jú chloroquine sínú àpò ṣòkòtò, tí wàá ní o ti gbé e mì?" Ẹnu mi wọhò. Ó lé ní ogún ọdún o! Ẹ̀yin náà, nọ́ọ̀sì wo ló ṣe yín lóore nílé-ìwé? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá Téló
Chloroquine! Ara ti ń yún mi bí mo ṣe ń kà á.

Mọ́mì Ìbejì
Ọ̀gá Téló, ìwọ nìkan kọ́. Wọ́n á fún ọ lóògùn ibà lọ́sàn-án, títí di òru wàá máa fi ẹ̀yìn ha ògiri bí ewúrẹ́. Wọ́n á fi Piriton tì í kí ara má baà yún ọ, Piriton á gbé ọ sùn ní kíláàsì, tíṣà á fi pàṣán jí ọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti 2005.

Ọmọ Aláró
Màmá Àlùkò là ń pe tiwa. Oògùn olómi aláwọ̀ elésè àlùkò yẹn, GV, òun ni wọ́n fi ń wo gbogbo nǹkan: làpálàpá orí, egbò, ẹnu tó bó. O bá wọlé lọ́mọ ènìyàn, wàá jáde bí ẹyẹ. Aláró ni ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọjọ́ tí mo délé tí gbogbo orí mi rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí ni nọ́ọ̀sì yìí ń bá àwọn dù, àwọn ń rẹ aṣọ, òun ń rẹ ọmọ àwọn.

Ọ̀gá Téló
Òṣogbo ìlú aró, wọn ò purọ́ 😂

Tíṣà Ìgbóǹnà
Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Tíṣà ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Wárápá gbé ọmọ JSS 2 kan ṣubú lórí ìlà láàárọ̀, níbi tí a ti ń kọrin. Ẹ wá wo àwa ọ̀mọ̀wé! Ẹnì kan ń wá ṣíbí tí yóò kì bọ ọmọ lẹ́nu. Òmíràn ti sáré lọ sọ́dọ̀ alákàrà lọ bu epo pupa. Ẹnì kẹta ń pariwo pé kí a má fara kan itọ́ rẹ̀, pé ó ń ràn. Èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú pinpin, mo rò pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì dé. Wọn ò pariwo. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ta ló ní aago?" Wọ́n bọ́ súwẹ́tà ara wọn, wọ́n ká a sábẹ́ orí ọmọ náà, wọ́n ní kí n máa ka ìṣẹ́jú. Wọ́n kó òkúta àti bẹ́ńṣì kúrò nítòsí. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Wọ́n ní tó bá ti kọjá márùn-ún, ọkọ̀ ni ká wá, ó di ilé ìwòsàn Asúbíaró.

Ọjọ́ kejì ló wú mi lórí jù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ọmọ náà jókòó mọ́. Ọmọ nọ́ọ̀sì yìí gan-an wà ní kíláàsì kejì, wọ́n lọ mú un wá, wọ́n ní, "Ibí ni wàá máa jókòó." Ó sì jókòó ti ọmọ náà títí wọ́n fi ṣe ìdánwò JSS 3.

Alákàrà Ọlá-Ìyá
Èmi náà ti bu irú epo yẹn fún wọn rí. Mi ò mọ̀.

Bàbá Òkè-Fíà
Ìwé yín ti pọ̀ jù. Epo làwọn bàbá wa fi ń tọ́jú gìrì. Ṣé gbogbo wọn ló kú ni?

Mọ́mì Ìbejì
Ẹ má bínú o, Bàbá, àwọn tó kú ò sí níbí tí wọ́n á fi fèsì.

Tíṣà Ìgbóǹnà
Mọ́mì, ẹ rọra. Bàbá, ẹni tí wárápá mú kò lè gbé nǹkan mì. Epo yẹn lè gba ọ̀nà èémí bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Bàbá Òkè-Fíà
Mo gbọ́. Ṣíbí wá ńkọ́?

Tíṣà Ìgbóǹnà
Eyín ni yóò kán, Bàbá.

Ọmọ Erinlẹ̀
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mò ń tọ ẹ̀jẹ̀. Mo gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ tí bàbá mi bá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n kígbe, "Àtọ̀sí!" Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn! Wọ́n ní kí n dárúkọ obìnrin náà. Obìnrin wo? Èmi tí mi ò tíì lè wojú obìnrin kí i.

Nọ́ọ̀sì wa ló ránṣẹ́ pè wọ́n. "Alàgbà, àtọ̀sí ajá ni, kì í ṣe àtọ̀sí. Odò ló ti kó o." Wọ́n ní ara ìgbín kéékèèké inú omi ni kòkòrò yẹn ti ń jáde, tí yóò gba awọ ẹni tó ń wẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n sàmì sí, wọ́n ní kí n fẹ̀yìn tì í: ibi tí orí mi dé ni wọ́n fi mọ iye oògùn tí mo máa lò. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ mi fi mọ́.

Bàbá mi ò bẹ̀ mí o. Bàbá Yorùbá wo ló ń bẹ ọmọ? Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ra búrẹ́dì àti àkàrà, wọ́n gbé e síwájú mi. "Jẹun."

Ọ̀gá Téló
"Kí n dárúkọ obìnrin náà" 😂😂😂 Mo ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó di ọ̀la.

Ọmọ Yèyé
Ẹ ò sọ odò tó jẹ́ o. Ẹ má lọ kó àrùn bá Ọ̀ṣun fún wa.

Ọmọ Erinlẹ̀
Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí ò tó ni? Ìdí dáàmù lápá Ẹdẹ ni, ilé ìyá mi.

Bàbá Òkè-Fíà
Ọ̀ṣun náà ò mọ́ bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn awakùsà ti dà á rú.

Ọmọ Yèyé
Ìyẹn, mo fara mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Òkè Òkun
Gbọ̀ngán Road ni wọ́n bí mi sí, nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni mí ní Amẹ́ríkà báyìí. Láti 1972 ni wọ́n ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wa nínú oṣù May. Ọdún 1902 ni wọ́n kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀sì kan, Lina Rogers, sí ilé-ìwé mẹ́rin ní New York. Ṣe ni wọ́n ń lé ọmọ tó bá ní ìfọ́n tàbí ojú pípọ́n lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Òun ló ń tọ́jú wọn padà sí kíláàsì. Bí ọjọ́ wa bá pé, wọ́n á fún wa ní káàdì àti kéèkì.

Mọ́mì Ìbejì
Kéèkì kẹ̀? Tiwa ń fi owó ara wọn ra páàdì fún àwọn ọmọbìnrin. Ká kọ́kọ́ ra òwú kún àpótí wọn ná.

Ẹlẹ́jẹ̀ SS
Nítorí àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS mi, nọ́ọ̀sì wa ní ìgò omi kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Bí agogo oúnjẹ bá ti lù, "Mu ún níwájú mi." Lásìkò ọyẹ́, wọ́n á tún yẹ ìbọ̀sẹ̀ mi wò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gé koríko, wọ́n ń pè mí ní ọ̀lẹ. Ọmọ mi ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí.

Alákàrà Ọlá-Ìyá
Ọlọ́run á bá ọ wò ó o, ọmọ mi.

Ọ̀gá Téló
Ọmọ Òròkí, o ò parí ọ̀rọ̀ rẹ. Kí lo dá ìyá yẹn lóhùn?

Ọmọ Òròkí
Mo ní kì í ṣe èmi, àbúrò mi ni. Wọ́n ní, "Àbúrò rẹ máa ń gbé tiẹ̀ mì."