Ṣé ooru oòrùn lásán lè yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun débi tó máa tó mu?

OmiTútù:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kan àpótí kan, mo kun ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní dúdú, mo da omi òkun sí i, mo wá fi gíláàsì bò ó, mo jẹ́ kó ṣe gẹ̀rẹ́ sápá kan kí omi tó bá sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ lè máa ṣàn lọ sínú ike. Ó ń ṣiṣẹ́ o, omi yẹn ò ní iyọ̀ rárá, àmọ́ látàárọ̀ dalẹ́ díẹ̀ báyìí ló ń rí jáde, oòrùn sì ń ràn gan-an. Níbo ni gbogbo ooru yẹn ń lọ? Ṣé kí n fẹ àpótí yẹn ni àbí ọgbọ́n míì wà?

BàbáẸ̀rọ:
Àbúrò, àpótí ẹ ò níṣòro, omi gan-an ló máa ń jẹ iná. Kí lítà kan tó di sítíìmù ó máa gba bíi 0.65 kWh ooru (kWh kan ni yúníìtì iná kan), ì báà jẹ́ igi lo fi sè é, ì báà jẹ́ gáàsì, ì báà jẹ́ oòrùn. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú mítà kan lóròó máa ń gba bíi 5 sí 6 kWh, tí nǹkan kan ò bá ṣòfò lítà 8 sí 9 ló yẹ kó jáde, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣeé ṣe, 3 sí 5 lèèyàn máa ń rí. Ní 1872 Charles Wilson kọ́ irú ẹ̀ ńlá sí Las Salinas, nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chile, gíláàsì ẹ̀ lé ní 4,000 mítà onígun mẹ́rin, omi tó ń rí lóòjọ́ lé ní 20,000 lítà. Pín in wò, bíi 5 náà ni.

Wo abẹ́ gíláàsì ẹ lọ́sàn-án. Tí omi bá sẹ̀ wínníwínní síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ṣàn, ó ń dá oòrùn padà nìyẹn, fọ gíláàsì náà kí ọ̀rá má ṣẹ́kù lára ẹ̀. Omi inú ẹ̀ náà, sẹ̀ǹtímítà 2 ti tó.

SólàÀdùkẹ́:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ibi tó ṣe kókó jù ló kù yẹn o. Sítíìmù tó bá padà di omi máa ń dá gbogbo ooru tó gbà padà. Nínú àpótí ẹ, ara gíláàsì ló ń dá a sí, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á darí sítíìmù ìyẹ̀wù àkọ́kọ́ gba inú páìpù lọ sí ìkejì, bó ṣe ń di omi nínú páìpù ló ń sè omi òkun tó wà lára páìpù yẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹyìn. Wọ́n máa ń fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde kí omi lè hó láì tíì dé 100°C, ti àkọ́kọ́ á wà ní bíi 70°C, tìkẹyìn ní bíi 40. Èyí tó wà ní Plataforma Solar de Almería, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí agbára oòrùn ní Sípéènì, ní ìyẹ̀wù 14. Ooru tíwọ lò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń lò ó bí ìgbà 10.

Iyọ̀Òkun:
Èmi ò bá yín lọ síbẹ̀ o. Tó bá ṣe omi òkun lásán, ẹ ra panel sólà kẹ́ ẹ fi gbé ẹ̀rọ reverse osmosis ṣiṣẹ́, èyí tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí iyọ̀ ò lè kọjá. Àwọn ńlá ẹ̀ ń lo 3 sí 4 kWh fún odindi 1,000 lítà, ẹ̀yin máa fi 650 kWh sè é, kódà tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà 10 ó ṣì pọ̀ jù. Panel tó jẹ́ mítà kan yẹn á mú bíi 1 kWh jáde lójúmọ́, ó tó 250 lítà.

OmiTútù:
Háà! Kí la wá ń fi ooru ṣe nígbà yẹn?

SólàÀdùkẹ́:
Ẹ̀rọ tí Iyọ̀Òkun ń sọ yẹn nílò pọ́ǹpù alágbára, omi ìdọ̀tí máa ń dí membrane ẹ̀, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, pa, tí omi bá sì ti níyọ̀ tó ìlọ́po méjì ti òkun, ó máa ń nira fún un láti tì í kọjá. Ooru ò ka ìyẹn sí tó bẹ́ẹ̀. Àpótí ẹ náà ò ní pọ́ǹpù, ibi tí kò sẹ́ni tó máa tún nǹkan ṣe, òun ló máa pẹ́ jù.

BàbáẸ̀rọ:
Kókó ni. Máa da èyí tó ṣẹ́kù nù kí iyọ̀ tó dì sínú àpótí, má dà á sórí ilẹ̀ tí nǹkan ń hù. Tí omi náà bá sì ń rùn bíi pẹtiróòlù, má lò ó rárá, torí pẹtiróòlù á bá sítíìmù gòkè ni.